Àpá Ojú Màláíkà

Ọjọ́ tí Naheem kọ́kọ́ fojú kan Ridwanat, àwòrán ló bá a tó ń bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n rán an lọ sí ilé àwọn olówó kan ní Jẹ́dà pé kó lọ tún éèsì, ẹ̀rọ amúlétutù yàrá ìsàlẹ̀ tó ń jò, ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé èèyàn wà níbẹ̀. Bó ṣe ń gbé àkàbà rẹ̀ wọlé, ó gbọ́ ohùn obìnrin, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ aláìsàn lẹ́kún.

"Má bínú," ohùn náà ń wí, ní èdè Yorùbá. "Mi ò tún lè ṣe é lónìí. Fún mi láyè díẹ̀ sí i."

Naheem wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí ẹlòmíì. Obìnrin kan ṣoṣo ló dúró ti tábìlì gígùn, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó tẹrí ba sórí bébà kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Obìnrin náà ta gìrì. "Haà! O gbọ́ Yorùbá?"

"Mẹ́kà ni wọ́n bí mi sí, ní Kudai, àmọ́ Ìwó ni ìyá mi ti wá. Yorùbá là ń sọ nílé." Ó sún mọ́ tábìlì. Nígbà tó rí ohun tó wà lórí bébà náà, ó yára gbójú kúrò. "Àsítágífíríláà! Kí lèyí?"

"Bébà ni," Ridwanat dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe òrìṣà. Kò ní bù ọ́ jẹ."

Ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni Naheem gbé lọ sílé lọ́jọ́ yẹn: ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín, ojú tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Ridwanat. Iṣẹ́ tó kọ́ ṣọ̀wọ́n, títún ìwé àtijọ́ ṣe ni: kó fọ ìdọ̀tí ara wọn, kó lẹ ibi tó ya, kó gbà wọ́n lọ́wọ́ omi àti kòkòrò. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ parí rẹ̀ nílùú òyìnbó. Nígbà tí òjò ńlá kan rọ̀ ní Jẹ́dà tí omi ya wọ ilé àwọn èèyàn, ìdílé kan tí bàbá àgbà wọn ti ṣòwò dé Ítálì bá àpótí àwòrán àtijọ́ tí bàbá náà fi sílẹ̀ nínú omi. Hanan, obìnrin Lárúbáwá tí ilé náà wà níkàáwọ́ rẹ̀, wá Ridwanat kàn, ó sì gbà á síṣẹ́.

Àwòrán àwọn ẹni mímọ́ àti àwọn màláíkà ni gbogbo wọn, irú èyí tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì Ítálì ń ṣe ní ohun tó lé lọ́ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n á fi ìda bo abala bàbà pẹlẹbẹ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sára ìda náà, wọ́n á wá rì í sínú omi kíkan tó ń jẹ irin. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti ha nìkan ni omi náà á jẹ. Wọ́n á fi tàdáwà kún ojú ibi tó jẹ, wọ́n á tẹ bébà lé e. Nínú ọ̀kan, màláíkà ń ta gòjé fún ẹni mímọ́ tó ń ṣàìsàn. Nínú òmíràn, arúgbó kan gbé agbárí lọ́wọ́, ó ń wò ó bí ẹni ń wo dígí. Ṣùgbọ́n èyí tí Ridwanat kò lè parí, inú ẹ̀wọ̀n ló wà: ẹni mímọ́ kan sùn sílẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, màláíkà kan sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ láti jí i.

Ojú màláíkà náà, ojú Abdulmutalib ni.

Abdulmutalib ni ọkùnrin tí Ridwanat fẹ́ fẹ́ kó tó wá sí Jẹ́dà. Wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì. Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ náà pé ni Ridwanat pè é pé kó wá sí Ìsẹ́yìn wá wo aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀, aṣọ lásán-làsàn. Ọkọ̀ tó gbé e bọ̀ kò dé; òkú ni wọ́n gbé e kúrò nínú rẹ̀. Láti kékeré ni àpá kan ti wà lókè ojú òsì Abdulmutalib, níbi tó ti ṣubú lu ẹnu kànga. Omi òjò tó wọ yàrá ìsàlẹ̀ Jẹ́dà sì ti fa ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú kan sókè ojú òsì màláíkà inú bébà, níbi kan náà gẹ́lẹ́.

Iṣẹ́ Ridwanat ni kó fọ ìlà náà kúrò. Iṣẹ́ àárọ̀ kan péré ni. Ó ti fi í sílẹ̀ láti ìgbà tó ti dé.

Kò sọ èyíkéyìí nínú èyí fún Naheem lọ́jọ́ náà. Ohun tó sọ ni pé, "Wo ìmọ́lẹ̀ tó yí màláíkà yìí ká. Kò sẹ́ni tó yà á. Òkùnkùn nìkan ni wọ́n yà. Ibi tó ń tàn yẹn, bébà tí abẹ́rẹ́ ò kàn ni."

Naheem gbàgbé pé òun ò fẹ́ wo àwòrán. Ó wò ó pẹ́.

Éèsì náà kò jò mọ́ lọ́jọ́ kejì, síbẹ̀ Naheem tún wá. Ó ní ó yẹ kóun yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ń gbọ́ ìró kan nínú rẹ̀. Hanan sọ fún Ridwanat pé òun ò rí éèsì tí wọ́n ń yẹ̀ wò bí aláboyún báyìí rí. Naheem á mú mọ́ínmọ́ín inú agolo tí ìyá rẹ̀ sè wá, á jókòó sórí àkàbà rẹ̀, á máa sọ ìtàn bí òun àti àwọn ọmọ àdúgbò ṣe máa ń ta omi fáwọn àlàájì nígbà tóun kéré. Lárúbáwá máa ń já wọnú Yorùbá rẹ̀, á sì tijú. Ridwanat bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Tó bá ti gbọ́ ọ, inú rẹ̀ á dùn. Lẹ́yìn náà, á wo bébà àwòrán ẹ̀wọ̀n yẹn, ojú á sì tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, wọ́n jókòó létí òkun, níbi táwọn ìdílé ti ń tẹ́ ẹní tí wọ́n ń mu tíì. Naheem ti ń gbé ife tíì rẹ̀ láti ọwọ́ kan sí òmíràn fún ìgbà pípẹ́.

"Ridwanat, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwe sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá. Mo fẹ́ fẹ́ ọ. Kàláàsì. Ó tán."

 Ridwanat wo òkun títí tí oòrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Nígbà tó lanu, ìtàn Abdulmutalib ló jáde, àti ti ìlà tó wà lókè ojú màláíkà. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan aṣọ tó torí rẹ̀ pè é.

"Ṣé ò ń rí i níbẹ̀ lóòótọ́," Naheem béèrè, "àbí o kàn ń rántí rẹ̀ ni?"

"Mi ò mọ ìyàtọ̀ mọ́."

"Ká ní èèyàn tó wà láàyè ni, mo mọ bí mo ṣe máa bá a dù ọ́. Báwo lèèyàn ṣe ń bá òkú du obìnrin?"

"Má bá a dù mí."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Naheem, mi ò mọ̀. Inú mi ń dùn tí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀."

Naheem gbé ìyẹn lọ sọ́dọ̀ Àlàájà Morufat ní Al-Aziziyah. Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ni Àlàájà yìí láti ìgbà tí wọ́n ti jọ dé Mẹ́kà, oúnjẹ ni wọ́n ń sè fáwọn àlàájì tó ń gba yàrá ní àdúgbò náà. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n ń ro ọbẹ̀ lọ.

"Ó ní inú òun ń dùn tóun bá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ? Ọmọ mi, obìnrin tó ti gbà ọ́ nìyẹn, òun fúnra ẹ̀ ni ò tíì mọ̀. Èmi á ṣe alárinà. Mà á mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ."

Ridwanat náà pe bàbá rẹ̀, Àlàájì Lìádì, ní Ìsẹ́yìn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àwọn nìkan ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú.

"Ìwó wo?" ni bàbá wí. "Ta ló mọ̀ wọ́n níbẹ̀? Ọmọ tí wọ́n bí sílùú onílùú, tí ìkámà rẹ̀, ìwé ìgbélùú, wà lọ́wọ́ kàfíìlì tó gbà á síṣẹ́. Ọjọ́ tí ọ̀gá ẹ̀ bá bínú, wọ́n á ní kó máa lọ. Tó bá fìyà jẹ ọ́, ilé ta ni mà á lọ fẹjọ́ sùn?"

"Bàbá, ẹ ò tíì rí i."

"Àjọkẹ́, ẹni tí mo rí, tí mo mọ ìdílé ẹ̀, ṣebí o rí bó ṣe rí? Àyà mi ò gba òmíràn mọ́."

Síbẹ̀, Naheem àti Àlàájà Morufat mú Ridwanat lọ sí Kudai. Ìyá Naheem, Àlàájà Fáòsíátù, wá ṣe háàjì nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wọn ò sì padà. Ọkọ wọn ti kú, wọn ò ní ìwé ìgbélùú, ẹ̀rù àwọn ọlọ́pàá jàwásáàtì tó ń kó àwọn tí kò níwèé kì í jẹ́ kí wọ́n jìnnà sílé. Lọ́jọ́ náà, Naheem ń wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí, Àlàájà Morufat ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ridwanat nìkan ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin méjèèjì," Àlàájà Fáòsíátù wí. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé."

Ridwanat rò pé wọ́n ti rí Àlàájà Morufat lẹ́yìn òun. Ó wọlé, ó jókòó. Àlàájà bu omi sámúsámù sínú ife méjì. Wọ́n gbé ọ̀kan síwájú Ridwanat, wọ́n gbé ìkejì síwájú àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì rọra tẹrí ba fún àga náà bí wọ́n ṣe ń kí àlejò ọkùnrin.

Bí Naheem àti Àlàájà Morufat ṣe wọlé, àga náà ni ìyá wò, wọ́n sì yanu.

"Ọ̀gbẹ́ni yẹn ńkọ́? Ó ti jáde?"

"Ta ni, Màmá?"

"Ọkùnrin tó bá a wá. Ó ga. Mo kí i, kò dáhùn. Àpá kan wà lókè ojú òsì ẹ̀."

Ife jábọ́ lọ́wọ́ Ridwanat. Naheem kò mẹ́nu kan Abdulmutalib fún ìyá rẹ̀ rí, kò sì sọ ti àpá fún Àlàájà Morufat.  Àlàájà Morufat ló gbìyànjú láti fi ẹ̀rín bò ó, ṣùgbọ́n Àlàájà Fáòsíátù ti rí ojú ọmọ náà, ó sì yé wọn pé òkú ni àwọn gbé omi fún. Wọ́n béèrè, Ridwanat sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àti iṣẹ́ tó ń ṣe.

"Ọmọ mi, mi ò kórìíra rẹ," Àlàájà wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ wa pé màláíkà kì í wọ ilé tí àwòrán bá wà. Ìwọ ń bá àwòrán gbé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Tí màláíkà bá jáde, ta lo rò pé ó máa wọlé? Naheem nìkan ni mo bí tó yè. Obìnrin tí ọkùnrin mìíràn ń tẹ̀ lé kiri, mi ò lè jẹ́ kó fẹ́ ẹ."

Nínú mọ́tò, Naheem lu ọwọ́ mọ́ sítíárìn. "Mà á fẹ́ ọ. Arúgbó ni wọ́n, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́."

"Màmá ò purọ́," Ridwanat wí. "Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn mi nígbà tí mo ń gun àtẹ̀gùn. Mo rò pé ìwọ ni. Inú mi sì dùn." Ó bo ojú rẹ̀. "Gbé mi lọ sílé. Má sì wá mọ́."

Naheem kò wá mọ́. Ààwẹ̀ dé, ó kọjá. Àwọn àlàájì dé, Mẹ́kà kún, wọ́n sì padà sílùú wọn. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìkíni nìkan ló ń tẹnu Àlàájà Morufat wá: "Naheem ní kí n kí ọ. Kò ní kí n sọ nǹkan mìíràn." Ridwanat á dúpẹ́. Ó ti tún gbogbo àwòrán yòókù ṣe tán. Tó bá kù ú ku òun nìkan, á fa àga ti tábìlì, á wo màláíkà náà, màláíkà náà kò sì wò ó rí. Ẹni tó sùn sílẹ̀ ló ń wò. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ta ni wọ́n fẹ́ jí nínú àwòrán yìí, òun ni àbí Abdulmutalib.

Lọ́jọ́ kan, Hanan dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Ọ̀kan ló kù," ó wí ní Lárúbáwá. "Àdéhùn iṣẹ́ wa ń parí lọ. Ṣé kò ṣe é fọ̀ ni?"

"Ó ṣe é fọ̀."

"Ó dáa. Fọ̀ ọ́, arábìnrin mi."

Ridwanat bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ó tẹ́ bébà náà sórí aṣọ, ó rọra jẹ́ kó wọmi. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ojú ìlà náà. Fún ìgbà pípẹ́ kò sí ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà, omi pọ́n díẹ̀. Ìlà náà ṣá. Ó tún ṣá. Nígbà tó kúrò tán, Ridwanat tẹjú mọ́ ojú màláíkà náà. Imú yẹn gùn jù. Ètè yẹn kì í ṣe ètè Abdulmutalib. Ọmọ Ítálì kan ni, bóyá ọmọ iṣẹ́ ẹni tó ya àwòrán, tó ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá àgbà Ridwanat. Àpá nìkan ló fi jọ ọ́. Ìyókù, òun ló ń fi ọkàn ara rẹ̀ yà á.

Ó gbé bébà náà jáde, ó tẹ́ ẹ síbi tó ti máa gbẹ. Nígbà náà ni òórùn tùràrẹ́ kan gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Èyí tí Abdulmutalib máa ń fi pa ọrùn ọwọ́ ni. Ẹnìkan dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí irun ọrùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Oòrùn ọ̀sán ń ràn lójú fèrèsé. Ridwanat kò bojú wẹ̀yìn. Ó fa fóònù yọ, ó sì pe nọ́ńbà tí kò pè rí.

"Àlàájà, Ridwanat ni."

Ìyá Naheem mọ ohùn rẹ̀. "Ó wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Ó ti kúrò nínú bébà, mà. Inú yàrá ló wà."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Rárá, mà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

"Ridwanat, láti ìgbà tó o ti dé ilẹ̀ yìí, o ti ṣe ùmúrà tìrẹ?"

"Mo ti ṣe é, mà."

"O ṣe tiẹ̀ fún un?"

Omijé bọ́ lójú Ridwanat. "Rárá, mà. Tí mo bá ṣe é, á jẹ́ pé ó ti kú."

"Ó ti kú, ọmọ mi." Ohùn Àlàájà rọ̀ bí ẹni ń gbá ọmọ mọ́ra. "Àfàìmọ̀ kó jẹ́ pé òun ni kò mọ̀, nítorí ìwọ ò tíì sọ fún un. Wá ní Ọjọ́bọ̀. A jọ máa lọ."

Naheem ni ìyá rẹ̀ rán láti lọ gbé e ní Jẹ́dà. Nígbà tí wọ́n rí ara wọn, àwọn méjèèjì kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Naheem ti rù. Ridwanat jókòó sẹ́yìn mọ́tò nínú aṣọ funfun, ó sì ní láti sọ àníyàn rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Naheem pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò, ó gbọ́wọ́ lé itan, ó ń wo iwájú, kò kánjú.

"Mo gbé àníyàn ùmúrà yìí," Ridwanat wí, "lórúkọ Abdulmutalib, ẹni tó…" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tó ti kú."

"Kí Ọlọ́run forí jì í," Naheem wí láti iwájú, ohùn rẹ̀ sì mọ́. Ó tún ẹ́ńjìnnì tan.

Àlàájà Fáòsíátù ti dúró dè wọ́n ní Kudai, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n àti ẹ̀rù jàwásáàtì. Naheem bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó. "Wọn ò ní kó mi nínú ilé Ọlọ́run lónìí," wọ́n wí. "Tí wọ́n bá sì kó mi, mo ti ṣe nǹkan kan kí n tó lọ." Wọ́n di ọwọ́ Ridwanat mú, àwọn obìnrin méjèèjì sì wọ Hárámù, mọ́ṣáláṣí ńlá Mẹ́kà.

Èrò pọ̀. Wọ́n bọ́ sínú àwọn tó ń yí Káábà po, wọ́n ń lọ bí omi ṣe ń gbé ewé. Wọn ò tíì yí i po tán tí Ridwanat fi rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló rí: ọkùnrin gíga kan nínú aṣọ ìháràmù, níwájú díẹ̀, tó ń fi èjìká ọ̀tún ṣáájú bó ṣe ń rìn. Kò sẹ́lòmíì tó ń rìn báyẹn láyé.  Ridwanat yára ẹsẹ̀, ó ń gba àárín èrò kọjá. Tó bá lè dé iwájú rẹ̀, tó bá lè rí ojú yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, kó sọ fún un pé aṣọ tóun torí rẹ̀ pè é yẹn kò tó nǹkan, pé kó má wá mọ́.

Ọwọ́ Àlàájà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gbọ́ "Yéè!" kékeré kan. Orúnkún arúgbó náà ti yẹ̀, wọ́n ti wà nílẹ̀, èrò sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Níwájú, ọkùnrin náà ń jìnnà lọ. Ridwanat dúró. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

"Mutalib!" ó ké.

Ọkùnrin náà kò yíjú.

Ridwanat padà. Ó fi ara rẹ̀ bo Àlàájà, ó na apá sí èrò, ó ń ké "Ìyá mi ni! Ìyá mi ni!" ní Lárúbáwá títí àwọn obìnrin kan fi dúró yí wọn ká. Ó kì wọ́n lábíyá, ó gbé wọn dìde. Nígbà tó tún wòkè, ẹ̀yìn àwọn èèyàn aláṣọ funfun ló kún ibẹ̀, kò sì sí èyí tó dá mọ̀ mọ́.

"O rí i," Àlàájà wí, wọ́n ń mí hẹlẹ.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí, mà."

"Ó yíjú?"

"Kò yíjú."

"Alihamudulilaahi. Ẹni tó ń lọ ni kì í yíjú." Wọ́n di apá rẹ̀ mú gírígírí. "Jẹ́ ká parí ẹ̀ fún un."

Wọ́n parí rẹ̀. Nígbà tó kan ìrìn àárín òkè Sàfá àti Máríwá, Ridwanat gba kẹ̀kẹ́ arọ, ó sì ti Àlàájà lọ, ó ti wọ́n bọ̀, ó ń sunkún, ó ń ṣàdúà, ó ń fi orúkọ Abdulmutalib pe àánú Ọlọ́run láìdúró mọ́ níbi kankan. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Àlàájà yọ sísọ́ọ̀sì kékeré nínú àpò wọn, wọ́n fa ṣóńṣó irun rẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìborí, wọ́n gé e láti fi parí ùmúrà náà.

"Mo rò pé wàá tẹ̀ lé e," wọ́n wí. "Nígbà tí mo ṣubú, mo ní ó tán, ọmọ yìí á lọ."

"Mo fẹ́ lọ, mà."

"Mo mọ̀." Wọ́n tún ìborí rẹ̀ ṣe fún un. "Kí ni nọ́ńbà bàbá rẹ?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlàájà Fáòsíátù kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì ní Kudai bí ẹni pé Àlàájì Lìádì wà níwájú wọn, wọ́n sì kí wọn lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Ìwó.

"Mo gbọ́ pé ẹ ní ilé ta lẹ máa lọ fẹjọ́ sùn," wọ́n wí. "Ilé mi ni. Tí ọmọ mi bá fìyà jẹ ọmọ yín, èmi ni mà á kọ́kọ́ gbá a létí kí ẹ tó gbọ́. Ọmọ yín gbé mi dìde nínú èrò, Àlàájì. Mi ò ní fojú ọmọ ẹlòmíì wò ó mọ́."

Àlàájì Lìádì kò gbà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n rán àbúrò wọn lọ sí Ìwó, ó sì béèrè títí ó fi rí àwọn tó rántí Fáòsíátù tó lọ háàjì tí kò bọ̀, àwọn tó sunkún nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó wà láàyè, ó bímọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá sọ pé kí wọ́n dá ọjọ́.

Wọ́n so yìgì náà ní pálọ̀ Àlàájà Fáòsíátù, lẹ́yìn ìrun àsárì. Èèyàn ò pọ̀. Àlàájà Morufat se ìrẹsì tó tó fún ogójì àlàájì. Kí Àlàájì Lìádì tó yan ẹni tó máa dúró fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n gbé fóònù fún Naheem.

"Naheem."

"Sà."

"Ọmọ mi fẹ́ ẹnìkan kó tó fẹ́ ọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ó ti tán nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, láìsí ìdí, ó lè jókòó kó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kí lo máa ṣe?"

 Nínú yàrá kejì, Ridwanat gbọ́ ọ, ó di ọwọ́ Hanan tó jókòó tì í mú.

"Mà á jókòó tì í, sà."

"O ò ní ní kó dákẹ́?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa," Àlàájì Lìádì wí. "Ẹ so ó."

Àwọn àlejò jẹun, wọ́n ṣàdúà, wọ́n lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, Naheem bá ìyàwó rẹ̀ lójú fèrèsé yàrá, tó ń wo bọ́ọ̀sì àwọn àlàájì tó ń gba ìsàlẹ̀ kọjá.  Lójijì, Ridwanat sunkún fún Abdulmutalib, ẹkún gidi, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, pẹ̀lú ohùn, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Naheem fa àga wá. Ó jókòó tì í. Kò ní kó dákẹ́.